Ẹni Òrìṣà ní Ẹnu-Ọ̀nà Ilé-Ìwé: Ìtàn Òfin Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Aláàbọ̀ Ara

Ní ìlú Èjìgbò, kò sí ọmọdé tí kò mọ orúkọ Òrìṣà Ògìyán. Òrìṣà funfun ni. Iyán ni oúnjẹ rẹ̀, láti inú oúnjẹ náà ni orúkọ rẹ̀ sì ti jáde. Ògìyán náà ni oyè ọba ìlú. Nígbà ọdún rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú a máa fi àtòrì na ara wọn, ẹni tí pàṣán bà kì í sì í bínú. Ìdílé kan náà ni òrìṣà yìí àti Ọbàtálá, ẹni tí àwọn àgbà sọ pé Olódùmarè fi iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn lé lọ́wọ́. Láti inú ìtàn yìí ni Yorùbá ti mú orúkọ tí wọ́n fún àfín, abuké, arọ àti gbogbo ẹni tí a bí pẹ̀lú ara tí ó yàtọ̀: ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn kan sọ pé ẹmu ni ó pa òrìṣà náà tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì. Àwọn mìíràn ní ó mọ̀ọ́mọ̀ mọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ni, kí ó lè ní ènìyàn tirẹ̀ láyé. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, òrìṣà ni ó fi ṣe ẹlẹ́yà.

Oríṣiríṣi orúkọ ni a ti fi rọ́pò èyí lóde òní. Abirùn kò dára tó, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni àrùn ń ṣe. Aláàbọ̀ ara wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Akàndá ẹ̀dá, tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn, sún mọ́ ẹni òrìṣà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé èdè náà yí po, tí ó tún padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ń bẹ nínú orúkọ àtijọ́ náà, ìbẹ̀rù sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó tún yà á sọ́tọ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyàsọ́tọ̀ yìí kò di ọ̀ràn ńlá nígbà tí ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ ohun tí ọmọ ń kọ́ lẹ́bàá baba tàbí ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn dé oko lè jókòó sídìí òfì. Ẹni tí kò fi ojú rí lè gbọ́ oríkì àti ìtàn, kí ó sì mọ̀ wọ́n ju àwọn tí ó ríran lọ. Ìgbà tí ẹ̀kọ́ kúrò ní agboolé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀kọ́ wá di ohun tí a ń lọ gbà nínú ilé kan tí ó ní àtẹ̀gùn lẹ́nu-ọ̀nà àti pátákó dúdú lára ògiri, níbi tí olùkọ́ kan ṣoṣo ti dojú kọ ogójì ọmọ. Ọmọ tí kò rí pátákó náà, tàbí tí kò gbọ́ ohùn olùkọ́, di ẹni tí kò lè kẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ kò dín sí ti àná.

Àwọn tí ó gbé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wá sí àgbègbè náà ni àwọn míṣọ́nnárì. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti fìdí kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Èjìgbò, láti 1855. Òfin tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ní 1882 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òmíràn jáde fún Èkó ní 1887, òmíràn ní 1926, òmíràn ní 1948. Ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń bójú tó ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba yóò fún àwọn ìjọ, ìwé-ẹ̀rí tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní, àti ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí ilé-ìwé. Wọn kò fi iṣẹ́ kan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí ọmọ tí ó fọ́jú tàbí tí ó dití.

Kì í sì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ohun tí ó yẹ. Ní 1893, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe òfin pé dandan ni kí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pèsè ilé-ìwé fún àwọn ọmọ afọ́jú láti ọmọ ọdún 5 títí dé 16, àti fún àwọn adití láti ọmọ ọdún 7 títí dé 16. Ìjọba kan náà ni ó ń ṣe àkóso Èkó àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní 1926 àti 1948. Òfin ti 1893 kò bá àwọn aṣojú rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun.

Ohun tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Apá Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba, Olóyè S. O. Awókòyà, Mínísítà fún Ẹ̀kọ́, ni ó ti gbé ètò náà ka iwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 láàrin ọdún kan. Ní àwọn ìlú bí Èjìgbò, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Màsífà, ọmọ àgbẹ̀ tí baba rẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ owó ilé-ìwé nílé lè gbé síléètì báyìí, kí ó sì bá ọmọ olówó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà, a kò fi túláàsì lé e. Òbí tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ sílé kò jẹ̀bi. Olùkọ́ tí ó bá sì wo ọmọ kan tí ó ní kí wọ́n mú un padà lọ sílé, nítorí pé òun kò mọ bí a ti ń kọ́ irú rẹ̀, kò jẹ̀bi pẹ̀lú. Gbogbo ọmọ ni ètò náà wà fún. Kò sí ẹni tí ó bèèrè nígbà náà bóyá ẹni òrìṣà wà nínú gbogbo náà.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀ kò sí nínú ìjọba. Ní 1953, àwọn míṣọ́nnárì ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ afọ́jú ní Gindiri, lókè ọ̀hún nítòsí Jos. Ilé-ìwé Wesley fún àwọn adití bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1958, ìjọ Kátólíìkì sì ṣí ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè ní 1962. Ní Ìbàdàn, Ìyáàfin Eunice Oyèṣọlá dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn adití ní nǹkan bí 1963. Àánú àti ìgbàgbọ́ ni ó gbé gbogbo ìwọ̀nyí ró, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tí ìmoore tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi àánú ṣe kò ṣeé béèrè ní kóòtù. Bí àyè bá kún, tàbí tí owó bá tán, òbí tí a kọ ọmọ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ké sí.

Nínú gbogbo wọn, ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí a bí ní Alabama ní 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn lọ́rùnlọ́rùn sọ ọ́ di adití. Ní 1954 ó gba oyè ní Gallaudet, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití ní Washington. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè níbẹ̀. Ní 1957 ó dé Accra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ adití. Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó ṣí ilé-ìwé sí Ìbàdàn. Àwọn olùkọ́ adití tí ó pọ̀ jù nígbà náà gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti wíwo ètè nìkan ni ó tọ́ kí a fi kọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá gbé ọwọ́ sókè láti fi sọ̀rọ̀, wọn a ní kí ó gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ ni Foster fi ń kọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà rí ohun kan tí wọn kò rí rí, èyíinì ni àgbàlagbà adití tí ó jẹ́ olùkọ́, tí ó wọ kóòtù àti táì, tí àwọn tí ó ń gbọ́ràn sì ń kí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ilé-ìwé tí ó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30 kí ọkọ̀ òfuurufú tó já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1987. Ọdún 5 lẹ́yìn náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yan ọjọ́ 3 oṣù kejìlá kan náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní gbogbo ayé. Kì í ṣe nítorí Foster ni wọ́n ṣe yàn án; ó kàn ṣe wẹ́kú bẹ́ẹ̀ ni.

Bí a bá dúró ní Èjìgbò wo gbogbo ilé-ìwé wọ̀nyí, ohun kan náà ni ó hàn: wọ́n jìnnà. Ìbàdàn tó nǹkan bí 95 kìlómítà sí Èjìgbò, Èkó sì tún kọjá Ìbàdàn lọ. Òbí tí ó bí ọmọ afọ́jú ní ọdún 1960 sí 1970 ní ọ̀nà méjì. Ó lè pa ọmọ náà mọ́ sílé láìkẹ́kọ̀ọ́, tàbí kí ó gbé ọmọ ọdún 6 tàbí 7 wọ mọ́tò, kí ó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí, kí ó sì máa retí ìsinmi. Ọmọ tí ó ríran a máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé, a sì padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé. Ọmọ tí kò ríran ni ìrìn-àjò já lé léjìká. Òbí púpọ̀ yan èkíní, kò sì sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu dá wọn lẹ́bi.

Ìjọba fúnra rẹ̀ jí sí ọ̀ràn náà láàrin 1970 sí 1980. Ní 1974, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa àwọn akàndá ẹ̀dá. Ní 1976, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ti gbogbo Nàìjíríà. Ní 1977, ohun méjì ṣẹlẹ̀: ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni Àkànṣe ní Ọ̀yọ́, ó sì gbé Ìlànà Ẹ̀kọ́ jáde fún gbogbo ilẹ̀ wa. Nínú ìlànà náà ni ìjọba ti kọ́kọ́ dárúkọ afọ́jú, adití, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò yára àti ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ kò pé, tí ó sì sọ pé ẹ̀kọ́ wọn di iṣẹ́ ìjọba. Àtúnṣe ti 1981 tilẹ̀ gbà pé kí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa bá àwọn ẹgbẹ́ wọn kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú ilé-ìwé kan náà ni ó dára jù, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé àárín àwọn ènìyàn kan náà ni wọn yóò ti gbé ayé wọn.

Ọ̀rọ̀ dáradára ni. Ṣùgbọ́n ìlànà kì í ṣe òfin. Òfin-ìpìlẹ̀ ti 1979, àti ti 1999 tí ó rọ́pò rẹ̀, sọ ní abala 18 pé kí ìjọba rí i pé àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì tó. Ẹni tí ó bá ka abala 18 tí inú rẹ̀ dùn gbọ́dọ̀ ka abala 6 pẹ̀lú, níbi tí a ti sọ pé kóòtù kò ní agbára láti fi ọ̀rọ̀ orí kejì Òfin-ìpìlẹ̀ náà bi ìjọba. Orí kejì ni abala 18 wà. Abala 42 ni ó ka ẹ̀tọ́ tí a lè gbé lọ sí kóòtù, ó sì ka ohun tí a kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ ṣe ojúsàájú: ẹ̀yà, ìlú ẹni, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú. Kò dárúkọ àbùkù ara. Síbẹ̀, ó sọ pé kò sí ọmọ Nàìjíríà tí a gbọ́dọ̀ fi ohun kan dù nítorí bí a ṣe bí i. Ohun tí àwọn amòfin sábà fi ìlà yẹn gbèjà ni ọmọ tí a bí láìgbéyàwó. Ẹni tí ó mọ ìtàn Ọbàtálá lè bèèrè bóyá kò kan ẹni òrìṣà, tí ara rẹ̀ yàtọ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá.

Ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida kọ òfin kan nípa àwọn aláàbọ̀ ara ní 1993, ṣùgbọ́n kò rí ẹsẹ̀ rìn.

Àwọn ọmọ Èjìgbò kì í gbé Nàìjíríà nìkan. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìdílé kan fi mọ Abidjan bí wọ́n ti mọ ọjà ìlú wọn. Ilẹ̀ náà ti ṣe òfin fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1998. Ní 2015 ó sì fi òfin mú un pé dandan ni kí ọmọ wà ní ilé-ìwé láti ọmọ ọdún 6 títí dé 16. Nítorí náà, ọmọ Èjìgbò tí a bí ní Abidjan ní òfin tí ó dárúkọ rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó wà nílé tó ní tirẹ̀.

Òfin tí ó kọ́kọ́ fi túláàsì mú òbí ní gbogbo Nàìjíríà ni ti Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀, 2004. Ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni, fún ọdún 9. Òbí tí kò bá fi ọmọ rẹ̀ sílé-ìwé yóò gba ìkìlọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn èyíinì, ₦5,000 tàbí oṣù 2, tàbí méjèèjì. Ní òpin òfin náà ni a ti túmọ̀ àwọn tí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ wà fún. A ka àwọn darandaran, àwọn ọmọbìnrin àti obìnrin, àwọn àlùmọ̀jìrí, àwọn ọmọ tí ń sùn ní ìgboro, ó sì di ẹ̀yìn gbogbo wọn kí àwọn aláàbọ̀ ara tó dé. Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ìlà ni wọ́n wà.

Owó rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Òfin 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Nínú ìlànà tí a fi ń pín owó náà, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹ̀kọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé nínú ₦10,000 tí ó wọ àpò ìjọba àpapọ̀, ₦200 ni ó lọ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ₦4 nínú rẹ̀ sì ni ti àwọn ọmọ wọ̀nyí. Òfin kan náà tí ó lè rán òbí lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ọmọ rẹ̀ afọ́jú kò lọ sí ilé-ìwé kò pèsè ilé-ìwé tí ọmọ náà yóò lọ sí nítòsí.

Kóòtù ni ó ṣí ọ̀nà díẹ̀. Ní 2009, kóòtù àjọ ECOWAS tí ó jókòó ní Àbújá sọ, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP pe ìjọba Nàìjíríà, pé ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ṣeé gbé lọ sí kóòtù lábẹ́ Ìwé-Àdéhùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2017, Adájọ́ John Tsoho ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sọ nínú ẹjọ́ ti ẹgbẹ́ LEDAP pé, níwọ̀n ìgbà tí òfin 2004 ti wà, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ ti di ẹ̀tọ́ tí ọmọ Nàìjíríà lè béèrè. Ilẹ̀kùn tí abala 6 tì, òfin 2004 ni adájọ́ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Láàrin àkókò yìí kan náà, Nàìjíríà ti fi ọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ní Àbújá, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ wa tí Ààrẹ tí ó wà lórí oyè kò buwọ́ lù ú. Àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Wọ́n ń padà lọ, àwọn kan lórí kẹ̀kẹ́, àwọn kan pẹ̀lú ọ̀pá funfun, títí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2019. Òfin 2018 ni wọ́n ń pè é, nítorí ọdún tí ilé ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí ó sọ nípa ilé-ìwé kò lọ́jú. Aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ojúsàájú, láìsì yà á sọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni títí yóò fi parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Gbogbo ilé-ìwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì, gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀ fún un; ó kéré tán, ẹnì kan tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú ohun èlò tí ó yẹ. Ìwé àfọwọ́kà ti Braille àti èdè ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá ṣe ojúsàájú lè san ₦100,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù 6; bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, ₦1,000,000. A fún àwọn tí ó ni ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu-ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní 2024.

Láti 1882 wá, òfin yìí ni ó kọ́kọ́ yí ìrìn-àjò náà padà. Ṣáájú rẹ̀, ọmọ ni ó ń kúrò ní Èjìgbò lọ bá olùkọ́. Òfin 2018 ní kí olùkọ́ wá bá ọmọ ní Èjìgbò, àti ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àti ní Màsífà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni ó ṣe òfin náà, àwọn mìíràn ni ó ń gba olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síṣẹ́: ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni, àwọn ni ó sì ń san owó oṣù wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn. Òbí tí ó bí ọmọ adití ní Èjìgbò lónìí lè mú ìwé òfin lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀, kí ó ṣí i sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ó kéré tán ẹnì kan, kí ó sì bèèrè ibi tí ẹni náà wà.